Irin iwájú ọkọ̀ kò lè lé màlúù kúrò lọ́nà

Ní oṣù Keje ọdún 2005, bàálù Air France kan balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Port Harcourt, ó sì sáré wọ àárín agbo màlúù tó ti gba ojú ibi tí bàálù ń sá lé. Ó kéré tán, màlúù méje ló kú; Ọlọ́run yọ àwọn èrò inú rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, díẹ̀ ló kù kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Àkúrẹ́: bàálù Air Peace tó ti Èkó wá kò rí ibi balẹ̀ sí, ó ń yí po lójú sánmà nítorí màlúù ti bo ilẹ̀. Ariwo ta lórí ọ̀ràn méjèèjì. Àwọn èèyàn ń bèèrè pé ọgbà dà, ta ló ń ṣọ́ pápá, ta ló ni ẹran, kí ni ìjọba ń wò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan, ì báà tiẹ̀ jẹ́ aláwàdà, tó dábàá pé kí wọ́n jó irin mọ́ imú bàálù kó lè máa fi ti màlúù dànù. Àbá tí gbogbo wa ì bá fi rẹ́rìn-ín bí ẹnì kan bá dá a nípa bàálù, òun gan-an ni à ń náwó lé lórí bó bá kan mọ́tò.

Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá títì ní Effurun, lẹ́nu ọ̀nà Warri ní ìpínlẹ̀ Delta, ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, yóò rí gáàdì iwájú ọkọ̀ lóríṣiríṣi. Hilux ilé-iṣẹ́ epo ní tirẹ̀, èyí tí àwọn ọlọ́pàá fi ń ṣíwájú ọ̀gá náà ní, páìpù dúdú tó nípọn, tó ga dé àyà ọmọ ọdún mẹ́jọ. Sienna tó ń kó èrò lọ sí Asaba àti Port Harcourt ní, bọ́ọ̀sì ní, kódà Corolla tó ti gbó ń gbé irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan kiri tí wọ́n kùn ní ọ̀dà fàdákà. Wàhálà kì í sí láti rí ẹni tó máa jó o. Iṣẹ́ epo rọ̀bì, ilé ìfọpo tó wà ní Ekpan láti ọdún 1978, àti ilé-iṣẹ́ irin tó wà ní Aladja ti jẹ́ kí àwọn jórinjórin tó mọṣẹ́ páìpù dunjú pọ̀ ní Warri. Ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ ná láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú gáàdì ti wà lójú ọkọ̀. Bí ẹ bá wá bi olówó ọkọ̀ léèrè ohun tó fi í ṣe, ẹran ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ: màlúù ọ̀nà Patani, ewúrẹ́ Agbarho, ajá, òyà tó ń fò já láti inú igbó lóru. Èmi ò bá a jiyàn pé ẹran wà lọ́nà. Iyàn tí mo fẹ́ já ni ti irin. Irin yẹn kì í gba ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹran. Ó kàn ń dáàbò bo bọ́mpà ni, ó sì ń fi kún ìyà ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Eré tí a bá dín kù lóru ló lè gbà wá, àti ẹran tí olówó rẹ̀ mọ ibi tó wà.

Ẹ jẹ́ ká wo màlúù fúnra rẹ̀. Èyí funfun tí ìwo rẹ̀ gùn, tí àwọn Fúlàní ń dà, lè wúwo tó 300 sí 500 kìlógíráàmù bó bá dàgbà tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, gbogbo ẹrù ara rẹ̀, ikùn, àyà, iké àti orí, ló sì wà lókè ẹsẹ̀ yẹn. Bọ́mpà ọkọ̀ kékeré kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju orúnkún rẹ̀ lọ; gáàdì tí a bá jó mọ́ bọ́mpà náà, ẹsẹ̀ yẹn náà ni yóò bá. Irin á gbá ẹsẹ̀ kúrò nísàlẹ̀, ara tó wà lókè á ṣẹ́ wá sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á sì fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ já wọ gíláàsì iwájú, níbi tí dírẹ́bà àti ẹni tó jókòó tì í wà. Bí irin bá ṣe le tó ni ẹsẹ̀ ẹran ṣe ń yára kúrò nílẹ̀ tó. Ti Hilux ga jù bẹ́ẹ̀, lóòótọ́, ó lè bá màlúù níkùn. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ẹ óò rí i pé bóòtù bíi mélòó kan péré ló di gbogbo ọlá yẹn mú. Bí ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí bá pàdé 400 kìlógíráàmù ẹran, páìpù náà á tẹ̀ sẹ́yìn, á sì gún rédíétọ̀ tó yẹ kó dáàbò bò. Ti ewúrẹ́ tilẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ewúrẹ́ kúkúrú ti ilẹ̀ wa yìí kì í sábà ju 30 kìlógíráàmù lọ. Abẹ́ gáàdì ló ń gbà bọ́ sábẹ́ táyà. Ibẹ̀ ni dírẹ́bà ti ń ya ọwọ́ ọkọ̀ lójijì, ohun tó sì ń pa èèyàn nínú ọ̀ràn ewúrẹ́ ni yíyà yẹn, nítorí kòtò ló wà lápá kan, tánkà sì ń bọ̀ lápá kejì.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò òde òní mọ̀ọ́mọ̀ ṣe iwájú rẹ̀ kó lè rún ni. Bọ́mpà oníke, bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ, àyè tó ṣófo láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ẹ́ńjìnnì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣe kí agbára ìkọlù lè tán lára páànù kó tó dé ara èèyàn, yálà ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tàbí ẹni tí ọkọ̀ kọlù. Páìpù tí a jó mọ́ ọn ń fagi lé iṣẹ́ yẹn. Kì í rún. Ó ń gbé agbára náà bó ṣe rí lọ sára egungun ìgbáròkó àgbàlagbà, tàbí sí àyà àti orí ọmọdé, nítorí pé ibẹ̀ ló ga dé. Ó tún lè da àpò afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ láàmú, nítorí ìwọ̀n bí eré ọkọ̀ ṣe ń já wálẹ̀ lójijì nígbà tí iwájú rẹ̀ ń rún ni ẹ̀rọ tó ń tú àpò náà sílẹ̀ ń fi mọ̀ pé àkókò tó. Bí irin bá yí ìwọ̀n yẹn padà, àpò lè pẹ́ kó tó jáde tàbí kó jáde nígbà tí kò yẹ. Nítorí ẹlẹ́sẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ṣòfin ní ọdún 2005 pé gáàdì tí wọ́n bá fẹ́ tà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege ìdánwò tó ń wo ohun tí yóò ṣe fún orí àti ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀. Páìpù líle irú èyí tó wà ní Effurun kò lè yege irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ní Íńdíà, tí màlúù ti ń dùbúlẹ̀ sáàárín títì bó ṣe wù ú, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìrìnnà kọ̀wé sí àwọn ìpínlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 pé kí wọ́n máa mú ẹni tó bá so irin bẹ́ẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Bí ẹran ojú títì bá tó ìdí láti gbé irin, ta ni ì bá gbé e ṣáájú ará Íńdíà?

Àwọn kan á ní Australia ńkọ́. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ni irin yìí ti gbajúmọ̀ jù lọ, nítorí ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní kangaroo. Ṣùgbọ́n kangaroo tó tóbi jù lọ kò wúwo ju 90 kìlógíráàmù lọ, ìyẹn kò tó ìdámẹ́ta màlúù tó sanra. Dírẹ́bà tó ń la aṣálẹ̀ wọn kọjá lè wa ọkọ̀ fún wákàtí méjì láìrí ilé kan, ẹlẹ́sẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ tí irin lè ṣẹ́ légungun. Ẹ wá fi ìyẹn wé ọ̀nà East-West láti Effurun lọ sí Patani. Ẹ bọ́ sí Agbarho, ẹ bọ́ sí Ughelli, Evwreni, Uwheru, Ohoror. Ẹ kò tíì rí ibi tí ẹ ti rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìrí ọmọ ilé-ìwé, ìyá tó ń ta gààrí àti ẹja gbígbẹ, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó kó èrò mẹ́rin, tàbí àgbẹ̀ tó ń ti kẹ̀kẹ́ ológeere bọ̀ láti oko. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìjàmbá ọkọ̀ ń pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ó lé 190,000 èèyàn lọ́dún káàkiri ayé, àti pé ó ju ìdajì wọn lọ tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà. Ní Nàìjíríà, òkú tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó kà lé ní 5,000 ní 2023, ó sì tún lé ní 5,000 ní 2024. Nínú irú ìlú báyìí, ẹni tó gbé irin síwájú nítorí màlúù yóò pàdé ọmọ ẹlòmíràn nígbà ọgọ́rùn-ún kó tó pàdé màlúù lẹ́ẹ̀kan.

Kí ni ká wá ṣe sí màlúù? Eré ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ìṣirò rẹ̀ kò gba kí ẹnikẹ́ni jiyàn. Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí ń jẹ mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ojú tó rí, kí ọkàn tó gbà, kí ẹsẹ̀ tó dé orí bíréèkì, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ ti lọ, mítà 42 sì ti bá a lọ. Bíréèkì tó dára lórí ọ̀dà gbígbẹ á tún fẹ́ nǹkan bíi mítà 55. Ìyẹn jẹ́ mítà 97 láti ìgbà tí dírẹ́bà rí ẹran títí ọkọ̀ fi dúró. Iná kúkúrú ọkọ̀ kì í sì sábà fi ohun tó wà lójú títì hàn kedere ju mítà 40 sí 60 lọ. Bí ẹran bá jẹ́ dúdú tàbí pupa bí erùpẹ̀, kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń sá 100 lóru pẹ̀lú iná kúkúrú, bíréèkì rẹ̀ kò lè gbà á. Ó ti kọlu ẹran kó tó rí i dáadáa. Ní 60 kìlómítà, gbogbo rẹ̀ ń dín kù sí mítà 45, ìyẹn sì wà nínú ibi tí iná dé. Òjò tún ń ba ìṣirò yìí jẹ́, òjò Warri sì ń kọjá 2,500 mìlímítà lọ́dún, débi pé oṣù tí títì fi ń tutù ju oṣù tó fi ń gbẹ lọ. Lórí ọ̀dà tútù, ọkọ̀ tó ń sá 80 péré lè fẹ́ tó mítà 90 kó tó dúró. Òfin ìrìnnà wa fún ọkọ̀ kékeré láyè 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀, ó sì ní kí tírélà má kọjá 60. Àmọ́ òpin eré ni òfin sọ, kò ní ká sá a tán lóru. Ó dun ni pé tírélà tí òfin ní kó máa rìn ní 60 ló sábà ń tan iná gígùn sí wa lójú bó bá ń ya wá sílẹ̀ ní 90.

Àwọn kan gbà pé gbogbo dírẹ́bà tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà ló mọ ìwà ẹran. Kò rí bẹ́ẹ̀. Adìẹ tó ti sọdá títì tán lè yí padà lójijì, nítorí ọ̀nà ilé ló ń sá sí, ibi tí kò léwu kọ́. Bí ìyá ewúrẹ́ bá wà lápá òsì tí ọmọ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ọmọ yẹn á sọdá, ohùn ìyá rẹ̀ ló ń gbọ́, kò gbọ́ ti mọ́tò. Ẹ dín eré kù kó tó gbéra. Àgùntàn kan kì í dá sọdá. Màlúù ń tẹ̀lé èyí tó ṣíwájú; bí ẹ bá rí ọ̀kan tó jáde láti inú koríko, ẹ má fi ojú sí i lára nìkan, ẹ wo ibi tó ti jáde, nítorí ogún lè wà lẹ́yìn rẹ̀, darandaran tó gbé ọ̀pá lé èjìká sì sábà máa ń kẹ́yìn wọn ni. Fèrè kíkankíkan ń tú wọn ká ni, kì í lé wọn lọ. Iná gígùn tí a tàn sí wọn lójú ń jẹ́ kí wọ́n dúró gbagidi. Ohun tó dára ni kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tí ẹ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, kí ẹ tẹ bíréèkì láìyà, kí ẹ di ọwọ́ ọkọ̀ mú gbọnin, kí ẹ sì dúró bó bá gba kí ẹ dúró. Bí ó bá wá di dandan pé ewúrẹ́ tàbí ajá ni ẹ óò gbá, tí ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ lápá kejì, ẹ máa lọ tààrà. Ó burú lójú, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí Sienna tó kó èèyàn méje yí lọ sínú kòtò nítorí ẹran kan. Ti màlúù ni ẹ kò gbọdọ̀ fi irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ṣe: ẹ tẹ bíréèkì tọkàntọkàn, kí eré tó kù nígbà tí ẹ bá kàn án lè kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí eré bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gòkè, ewu ìjàmbá tó ń pani ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin gòkè; a lè ka ìyẹn láti òkè wálẹ̀ pẹ̀lú.

Àtakò tó le jù lọ, tí kò sì yẹ ká fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ni ti ẹni tó ní òun kò lè dín eré kù, bẹ́ẹ̀ ni òun kò lè dúró, nítorí àwọn ajínigbé àti adigunjalè. Ọ̀nà wa kò mọ́ lóòótọ́, ìbẹ̀rù náà kì í sì í ṣe àròsọ. Ó ní bí òun bá ní gáàdì, òun á kọjá láàárín ẹran, òun á sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí irin kò lè fún un gan-an ló ń retí lọ́dọ̀ rẹ̀. Màlúù tí ọkọ̀ kọlù ní 100 kìlómítà kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ: rédíétọ̀ ti tú, gíláàsì ti fọ́, omi ń ṣàn, ẹ́ńjìnnì á gbóná kó tó dé ìlú tó kàn, bí ẹni tó ń wà á bá tilẹ̀ wà láàyè. Ibi tó ń bẹ̀rù láti dúró sí gan-an ni yóò ti sùn mọ́jú, láìní ọkọ̀ tó lè gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ ní 60 rí ẹran, ó rí èèyàn tó wà lẹ́yìn ẹran, ó sì ṣì ní ẹ́ńjìnnì tó dára láti fi yí padà. Fún ẹni tó ń bẹ̀rù ọ̀nà òru, àmọ̀ràn tó wúlò ju páìpù lọ ni kó gbéra láàárọ̀. Mo mọ̀ pé ọlọ́jà tó ń lépa ẹja Patani tàbí èrò tó ń ti Port Harcourt bọ̀ kì í sábà ní àǹfààní láti yan àkókò, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ ká di gbogbo ẹrù yìí ru dírẹ́bà nìkan.

Olówó ẹran ní tirẹ̀ nínú ẹ̀bi. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí: ewúrẹ́ kan rìn gbéregbère lọ́jà láti àárọ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tó fún un lóúnjẹ, ọjọ́ tí mọ́tò bá pa á ni olówó rẹ̀ yóò jáde láti inú ilé kẹta, ewúrẹ́ náà yóò sì di aboyún, a óò sì ka ọmọ tí ì bá bí títí dé ọmọ-ọmọ. Ẹni tó lè ṣírò ọmọ-ọmọ ewúrẹ́ yẹ kó lè ra okùn. Ti màlúù tóbi ju èyí lọ, ó sì ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ẹ̀mí ṣòfò ní Uwheru nínú ìjà àwọn àgbẹ̀ àti darandaran. Ní 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n sì fẹnu kò láti fòfin de ìdaran káàkiri. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni Gómìnà Ifeanyi Okowa fọwọ́ sí òfin ti ìpínlẹ̀ Delta. Òfin wà lórí ìwé. Màlúù ṣì wà lójú títì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí n gbà pé gáàdì ló kù láti ṣe yóò kọ́kọ́ sọ fún mi ìdí tí a fi ń náwó lórí àwọn tó ń ṣòfin tí ẹnì kankan kò pa mọ́. Èmi kò sì fara mọ́ àwọn tó fẹ́ kí dírẹ́bà máa fi mọ́tò jẹ darandaran níyà lórúkọ òfin yẹn. Ọmọdé ọdún mẹ́tàlá ló sábà ń wà lẹ́yìn ẹran, òun kọ́ ló ni wọ́n.

Ọwọ́ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kò jìnnà. Àtẹ kẹrin ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ti fi ìṣàkóso bí ẹran ọ̀sìn ilé ṣe ń rìn àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe fi ọjà àti ibùpa ẹran sọ́wọ́ wọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti dájọ́ ní 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Uvwie, Ughelli North àti Patani ṣe ohun tí agbára wọn ká. Kí gbogbo ẹran tó bá ń gbé nítòsí títì ní àmì olówó rẹ̀ létí. Ẹran tí a bá mú lójú ọ̀nà lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí a kó o sí àgọ́ kan, kí olówó rẹ̀ wá san owó ìtanràn kó tó gbà á. Ẹran tí ọkọ̀ bá pa lójú ọ̀nà márosẹ̀ lóru, kí olówó rẹ̀ má gba kọ́bọ̀. Ìlànà kan ṣoṣo yìí, bí gbogbo ìlú bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọba wọn àti lẹ́nu pásítọ̀, yóò fi ewúrẹ́ sínú ọgbà ju gbogbo àkọlé ẹ̀bá títì lọ. Àwọn tó ni ọ̀nà náà, ìjọba àpapọ̀, kò gbọdọ̀ jókòó tẹtẹrẹ. Ọdún 2006 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ ọ̀nà East-West jáde, ibi púpọ̀ lára rẹ̀ ni koríko sì ti ga ju màlúù lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà, débi pé kò sí ojú tó lè rí ẹran kó tó já sí títì. Kí wọ́n gé koríko yẹn ní mítà márùn-ún sí apá kọ̀ọ̀kan kí òjò tó dé àti lẹ́yìn tó bá lọ. Ní ọdún 2012 àti 2022 tí omi ya bo ilẹ̀ lápá Patani, ibi gbígbẹ di ọ̀wọ́n fún èèyàn àti ẹran. Ìgbà irú ẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ ojú pópó yẹ kó wà níbẹ̀ tòru-tọ̀sán. Àwọn afárá olókè tí ìjọba Delta dáwọ́ lé ní Effurun dára lójú, kò sí ẹni tó kórìíra wọn, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi da kọnkéré sí òpó kan níbẹ̀ á gé koríko ọ̀nà yìí fún ọdún pípẹ́.

Ó ku àtakò àpò. Rédíétọ̀ tokunbọ̀ ti wọ́n, iná iwájú wọ́n jù ú lọ, ìnṣọ́ránsì ẹnikẹta tí ọ̀pọ̀ wa ń san ₦15,000 lé lórí láti ọdún 2023 kì í sì tún ọkọ̀ ẹni ṣe. Ti ẹni tí a kọlù ló ń tún ṣe. Dírẹ́bà tó ń jẹun lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo ní ẹ̀tọ́ láti dáàbò bò ó. Mo gbà fún ọkọ̀ akóyanrìn tó ń wọ inú igbó Koko, tó ń rìn ní 30, tí ẹ̀ka igi ń gbá lójú, kó so irin tirẹ̀. Mo tilẹ̀ gbà pé gáàdì lè gba iná iwájú lọ́wọ́ ewúrẹ́ nígbà tí eré kò bá pọ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ọ̀pọ̀ gáàdì Effurun wà fún. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ àti kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń họ ọkọ̀ lára ni wọ́n ń bá jà, àti ojú ayé. Fún ẹni tí ẹ̀rù rédíétọ̀ ń bà, àwọ̀n irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a tẹ́ sẹ́yìn bọ́mpà, níbi tí kò ti lè kan ara ẹnikẹ́ni, yóò gba òkúta àti ìyẹ́ adìẹ dúró, owó rẹ̀ kò sì tó owó páìpù. Jórinjórin tó mọ gáàdì jó mọ ìyẹn náà ṣe. Àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò fún ìwé ọdọọdún ló kù kí wọ́n máa béèrè ohun tó wà níwájú bọ́mpà, bí wọ́n ṣe ń béèrè iná ẹ̀yìn àti táyà, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ara ọkọ̀ ìjọba àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ epo, nítorí àwọn ni ará ìlú ń wò ṣe.